Bẹ́ńṣì onígi fún ìdána inú oko: irú igi wo, báwo ni ká ṣe kàn án?

Ìyá Ìyàwó, Ìdànrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdána nínú oṣù Kejìlá, inú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìdànrè ló sì wù ú ká ti ṣe é, lábẹ́ àwọn igi ńlá tó ṣíji bo kòkó, níbi tí èèyàn ti ń wo àwọn òkè àpáta lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá rẹ̀ gbà, èmi náà gbà. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ló kù tó ń gbà mí lọ́kàn. Kò fẹ́ àga rọ́bà rárá. Ó ní bẹ́ńṣì onígi tí wọ́n fi ọwọ́ kàn ni kí àlejò jókòó lé. Èèyàn 150 là ń retí, àwọn àgbà inú wọn kò kéré. Ìyá mi gan-an ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti bá káfíńtà méjì sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́: ọ̀kan ní ìrókò ni ká lò, èkejì ní arère, owó tí wọ́n pè sì jìnnà síra wọn gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá mi dá sí i. Igi wo ló yẹ? Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó? Kí la máa ṣe tí kò fi ní fa léèsì àwọn èèyàn ya? Òun nìkan lobìnrin tí mo bí, mo fẹ́ kí ọjọ́ náà dùn mọ́ ọn nínú.

Káfíńtà Bódìjà

Ẹ kú oríire o, Màmá. Ayọ̀ la ó fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti igi. Ìrókò dára, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dára: ikán kì í tètè rí i jẹ, ó sì lè wà nínú òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń fi í ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Àmọ́ ó wọ́n, ó wúwo, èruku rẹ̀ sì ń yọ àwa tí à ń rẹ́ ẹ lẹ́nu, ó ń mú kí ara yún èèyàn, ó ń dí èèyàn nímú. Bẹ́ńṣì tó máa wà níta fún ọjọ́ méjì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò igi tó lè gba òjò ọgbọ̀n ọdún. Arère ní tirẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ débi pé ìṣó àti sukúrúù kì í dúró pẹ́ nínú rẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi máa rí ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ wá: àfàrà tàbí gmelina. Àfàrà mọ́ lójú, ó ń dán tí wọ́n bá fi sáńpépà há a dáadáa. Gmelina kì í wọ́ tó bá ti gbẹ tán, kò sì wúwo jù fún ọmọkùnrin méjì láti gbé bẹ́ńṣì kan káàkiri oko.

Ní ti ìwọ̀n, ojú ìjókòó kó nípọn ní ínṣì 2, kó fẹ̀ ní ínṣì 12. Pákó tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ gé e sí méjì, bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Láti ilẹ̀ dé ojú ìjókòó, ínṣì 18. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pákó oní-ínṣì 1 tàn yín nítorí pé ó dínwó. Ẹsẹ̀ bàtà 6 gùn jù fún un, á tẹ̀ láàárín tí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó lé e, àfi tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kẹta sí àárín.

Ẹsẹ̀ náà, láti ara irú pákó kan náà ni. Ẹ gé e ní ínṣì 17, kí ínṣì 1 wọ inú ojú ìjókòó bí ahọ́n. Kí ẹsẹ̀ wọlé ní ínṣì 9 láti etí, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wọlé jù, ọjọ́ tí ẹni tó wà láàárín bá dìde jó, ẹni tó jókòó sétí á bá bẹ́ńṣì lọ sílẹ̀. Ẹ wá lu ihò sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí igi ìdábùú kan tó nípọn ní ínṣì 2, tó fẹ̀ ní ínṣì 4, gba inú wọn kọjá, kí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, kí ẹ sì gbá èèkàn kékeré kan sí orí tó yọ náà. Èèkàn yẹn ló ń fà wọ́n pọ̀. Tí ìnáwó bá parí, ẹ gbá èèkàn jáde, bẹ́ńṣì á tú sí pákó lásán. Ìṣó kankan kò sí lójú rẹ̀, ìyẹn sì ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ọ̀rọ̀ léèsì tí ẹ béèrè.

Ọmọ Onígbó, Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Màmá Ìyàwó, ẹ kú oríire.

Iṣẹ́ igbó ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ gmelina múlẹ̀. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá. Ìjọba gbìn ín lọ salalu sí igbó ọba Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí àti igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èrò wọn sì ni pé kí iléeṣẹ́ pépà Ìwópìn máa rí igi lò. Iléeṣẹ́ náà kò rìn bí wọ́n ṣe fẹ́, àwọn oníṣọ́míìlì ló wá ń la igi náà sí pákó. Igi tí wọ́n gbìn láti gé ni, ó sì ń yára dàgbà. Ìrókò yàtọ̀. Èyí tí ẹ bá gé lónìí, àwọn ọmọ ọmọ yín lè má rí irú rẹ̀ nínú oko yẹn mọ́. Tí ìrókò bá wà lára àwọn igi tó ṣíji bo kòkó yín, ẹ bá mi fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ọn lára láti fi so aṣọ tàbí iná. Okùn ni kí wọ́n lò.

Ohun tó ká mi lára jù ni gbígbẹ igi. Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ń dé. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lásìkò òjò ṣì kún fún omi. Tí káfíńtà bá kàn án lóṣù Kẹwàá, tí ọyẹ́ wá fẹ́ sí i, á sún kì, á là lórí, á wọ́, èèkàn tó le dáadáa tẹ́lẹ̀ á wá máa mì. Nítorí náà ẹ tètè ra pákó, ó pẹ́ tán nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ má tò ó sórí ara wọn gbà-gìdì. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀, abẹ́ òrùlé ni kó wà, kì í ṣe inú oòrùn. Ẹ fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì, torí láti orí igi ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ náà ni lílà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kejì, oṣù Kejìlá ṣì jẹ́ àsìkò ìkórè kòkó. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko kí wọ́n má ṣe fọ́ kòkó sí tòsí ibi ìnáwó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Èèpo kòkó tó ń jẹrà ń kó eṣinṣin jọ, hóró rẹ̀ tí wọ́n sì bo mọ́lẹ̀ kó lè kan ń rùn. Bákan náà, ẹ má to bẹ́ńṣì sábẹ́ igi kòkó gan-an. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ń wá oúnjẹ wà lókè ilẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn 150 á tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ gbagidi, kòkó á sì jìyà rẹ̀. Ẹ wá ibi gbayawu tó wà láàárín oko, abẹ́ òjìji igi ńlá.

Ìyá Ìyàwó, Ìdànrè

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. N kò tilẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ èèpo kòkó, ìdí igi tí ọmọ náà fẹ́ràn jù sì ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. A ó wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀gá Káfíńtà, pákó mélòó ni èyí máa jẹ́? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó padà lọ bá àwọn ará Àkúrẹ́.

Káfíńtà Bódìjà

Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ti aṣọ ṣe ìṣirò. Ẹni tó wọ bùbá àti ìró, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tó o lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó wọ agbádá kò lè gba bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ni tirẹ̀. Ìdána sì rèé, gbogbo ọkùnrin ló máa wọ agbádá. Ẹ ka èèyàn mẹ́ta sí bẹ́ńṣì kan. Èèyàn 150 jẹ́ bẹ́ńṣì 50.

Ojú ìjókòó: pákó 25, torí ọ̀kan ń di méjì. Ẹsẹ̀: pákó kan ń mú ẹsẹ̀ 8 jáde, ìyẹn bẹ́ńṣì 4, ẹ ra 13. Igi ìdábùú tó gba inú ẹsẹ̀ kọjá: ọ̀kan ń di méjì, ẹ ra 25. Kí ẹ fi díẹ̀ lé e, torí pákó tó ní ojú ẹ̀ka tàbí tó ti là kò ní ṣàì sí nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ mú tépù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ pákó tí wọ́n ń pè ní ínṣì 12 kì í pé ínṣì 12 mọ́ lẹ́yìn tí ayùn bá ti jẹ tirẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Tí wọ́n bá kan àkọ́kọ́ tán, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n kan ìyókù. Kí ọkùnrin mẹ́ta tó sígbọnlẹ̀ jókòó lé e, kí wọ́n mì í síwá sẹ́yìn, kí méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnì kan ṣẹ́kù sétí. Tó bá dúró, ẹ fi ṣe àwòṣe fún gbogbo ìyókù.

Àǹtí Aláṣọ, Òṣogbo

Mà, ẹ kú oríire. Aṣọ ni mo ń rán, n óò sọ ti léèsì.

Ohun tó ń fa aṣọ kì í ṣe ìṣó nìkan. Ẹ̀gún igi kéékèèké tí ojú kò rí ló burú jù, pàápàá ní etí bẹ́ńṣì níbi tí ẹ̀yìn orúnkún ń kàn. Kí káfíńtà fi sáńpépà oní-nọ́ńbà 80 há a, lẹ́yìn náà 120, kó wá fi 180 parí rẹ̀, kí ó tẹ̀lé ibi tí ojú igi kọ sí. Kó fá gbogbo etí rẹ̀ kó rí róbótó, kó má ṣe mú. Tó bá ní òun ti ṣe tán, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́, ẹ kì í bọ ọwọ́, kí ẹ fi fọwọ́ ra ojú bẹ́ńṣì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibikíbi tó bá ti há, ibẹ̀ ni kó padà sí. Aṣọ òkè náà nílò ìṣọ́ra yìí, fọ́nrán rẹ̀ ń yọ tí igi bá fà á lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì ni ohun tí wọ́n fi ń pa á. Ẹ má gbà kí wọ́n fi epo pupa, àdín tàbí òrí pa á kó lè dán. Àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ lára igi, aṣọ funfun ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí àwọn káfíńtà kan fi ń lé ikán, kò gbọ́dọ̀ dé tòsí ojú ìjókòó. Fáníìṣì ni kí wọ́n lò, kó fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì parí rẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìnáwó. Fáníìṣì tí kò tíì gbẹ dénú máa ń lẹ̀ tí oòrùn bá pa á, ẹni tó bá jókòó lé e á dìde pẹ̀lú àmì lára aṣọ.

Mo fẹ́ fi gèlè kún un. Ẹ má to bẹ́ńṣì kí ẹni kan wà lẹ́yìn ẹnì kejì gan-an. Ẹ sún ìlà kejì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ojú wọn lè gba àárín èèyàn méjì tó wà níwájú. Gèlè ìsinsìnyí ga, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí ìyàwó.

Káfíńtà Bódìjà

Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n kún un: tí káfíńtà bá lo òróró linseed dípò fáníìṣì, ó dára, ó ń gbẹ, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ igi jáde. Àmọ́ àkísà tí wọ́n fi pa á kò gbọ́dọ̀ wà ní rúnrúnrún ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná, inú èérún pákó ni iná yẹn sì máa bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba kó gbẹ tàbí kí wọ́n rì í sínú omi.

Alága Ìjókòó, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa igi ni mo gbọ́. Iṣẹ́ alága ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí Màmá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe to bẹ́ńṣì ló máa sọ bóyá ìdána náà máa dùn.

Ẹ má tò ó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo èèyàn kọjú síbì kan. Ìdílé méjì ló ń pàdé, kí wọ́n kọjú síra wọn, kí ilẹ̀ gbayawu wà láàárín wọn. Ilẹ̀ àárín yẹn ni ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, níbẹ̀ ni ìyàwó ti máa kúnlẹ̀ gba àdúrà. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ ń gba tó ẹsẹ̀ bàtà 6, agbádá rẹ̀ tún ń tàn ká, alága ìdúró tún gbọ́dọ̀ rí ibi rìn. Kí àárín fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí ilẹ̀ bá wà kó jẹ́ 20. Ẹ tẹ́ ẹní sí i, torí ilẹ̀ oko ni, kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti to àga débi pé ọ̀rẹ́ ọkọ mẹ́ta péré ló ráyè dọ̀bálẹ̀, àwọn yòókù wà lórí ìdúró, kò dára lójú rárá.

Orí àárín yẹn, lápá kan, ni kí ìjókòó ọkọ àti ìyàwó wà, kí ó ní ẹ̀yìn àti apá, kí ó sì fẹ̀ fún èèyàn méjì. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná lórí iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí. Ẹ ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà fín nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni gbogbo fọ́tò máa gbé jáde, òun náà ni wọ́n máa gbé lọ sílé wọn. Lápá kejì, tábìlì ẹrù ìdána: isu, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìdílé méjèèjì ti lè rí i. Bẹ́ńṣì gígùn mẹ́ta lẹ lè fi ṣe tábìlì náà tí ẹ bá tò wọ́n pọ̀ tí ẹ sì fi aṣọ bò wọ́n. Àwọn onílù, ẹ má fún wọn ní bẹ́ńṣì, ẹ fún wọn láyè.

Lẹ́yìn ìlà bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀. Àwọn ìyá ìyàwó kì í jókòó pẹ́, ijó ni wọ́n ń jó wọlé, ijó ni wọ́n ń jó jáde.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Ẹ kú oríire, mà. Gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì, a kò tíì sọ̀rọ̀ Màmá Àgbà.

Bẹ́ńṣì tí kò ní ẹ̀yìn kò yẹ ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún fún ìnáwó wákàtí mẹ́rin. Kò sí ohun tó máa gbé ẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó máa fi ọwọ́ dì mú tó bá fẹ́ dìde. Ẹ ka iye àgbàlagbà tó wà lórí ìwé àlejò yín, kí ẹ kan àga ọlọ́wọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ojú ìjókòó ga ní ínṣì 19 tàbí 20, torí tí àga bá rẹlẹ̀, orúnkún á ga ju ìdí lọ, agbára tí ẹni náà fi máa dìde á pọ̀ ju èyí tó ní. Kí ọwọ́ àga ga ní nǹkan bí ínṣì 8 sí ojú ìjókòó, kó yọ síwájú dáadáa kó lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì í dìde. Ẹ fi tìmùtìmù sí i, ẹ so ó mọ́ ọn kó má yọ̀. Fún àwọn tí wọ́n kúrú, ìtìsẹ̀ onígi kékeré kan níwájú, kí ẹsẹ̀ wọn má rọ̀ dirodiro, torí ẹsẹ̀ tó rọ̀ pẹ́ máa ń wú.

Ẹ má gbé àga wọn sí etí, kẹ́ ẹ sì má gbé e sí ibi tí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Kí ojú ọ̀nà láti ibi tí mọ́tò máa dúró sí dé ibi àga wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ti ro, tí wọ́n ti yọ kùkùté àti gbòǹgbò inú rẹ̀. Ilé ìtura pẹ̀lú, kó má jìnnà. Àgbàlagbà tó mọ̀ pé ilé ìtura jìnnà kò ní mu omi, oòrùn oṣù Kejìlá sì mú.

Ọmọ Onígbó, Oǹdó

Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ dárúkọ oòrùn. Lóṣù Kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án, nítorí náà apá àríwá igi ni òjìji máa bọ́ sí. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ní aago mọ́kànlá títí dé aago méjì, kí ẹ fi èèkàn sàmì sí ibi tí òjìji dé, ibẹ̀ ni kí ẹ to àga àwọn àgbà sí. Kí ẹ sì wòkè. Ẹ̀ka tó ti gbẹ, kí wọ́n gé e kúrò ṣáájú. Abẹ́ igi àgbọn kì í ṣe ibi ìjókòó.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Bẹ́ńṣì 50, àga àgbà, ìjókòó ọkọ àti ìyàwó, owó ńlá ni. Kí wọ́n kan bẹ́ńṣì fún ìdílé méjèèjì tó máa jókòó níwájú, kí wọ́n fi ẹní àti àpótí tó àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ igi, inú wọn á dùn sí i. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò lè mì lórí ilẹ̀ oko tí kò tẹ́jú, torí ẹsẹ̀ mẹ́ta ń kanlẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń wá okúta tí wọ́n máa tì sí i lábẹ́.

Ohun kejì, ẹni tó bá wà nítòsí Èkó tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè lo igi àwọn páléètì tí ọjà máa ń bá wá sí èbúté. Ó pọ̀, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo àmì tí wọ́n lù sí i lára. Tó bá jẹ́ HT, iná ni wọ́n fi lé kòkòrò inú rẹ̀, ẹ lè lò ó. Tó bá jẹ́ MB, oògùn olóró ni wọ́n fín sí i, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní àmì kankan tàbí tí òróró ti dà sí, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú.

Tíṣà, Abẹ́òkúta

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín lórí owó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n mo rò pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú iye: lẹ́yìn ìnáwó, ta ló ni bẹ́ńṣì wọ̀nyí?

Tí kò bá sẹ́ni tó ni wọ́n, owó ńlá ni lóòótọ́, ikán á sì parí wọn lẹ́yìn ilé. Tí ẹni tó ni wọ́n bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Màmá, ẹ lọ bá àwọn tó nílò ìjókòó ní Ìdànrè kí káfíńtà tó gé igi kankan: gbọ̀ngàn ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí àwọn aboyún ti ń dúró gba ìtọ́jú. Ẹ béèrè ohun tó máa wúlò fún wọn. Gbọ̀ngàn lè fẹ́ kó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Àwọn aboyún á fẹ́ èyí tó ní ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ínṣì 18 ga jù fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹsẹ̀ wọn kò ní kanlẹ̀, kí ẹ má fún wọn ní ohun tí wọn kò lè lò. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹni tó ni ín, ẹ ní kí káfíńtà kàn án fún onítọ̀hún, àwa àlejò kàn máa yá a jókòó lọ́jọ́ kan ni. Mo tilẹ̀ rò pé wọ́n lè dá sí owó pákó, tàbí kí wọ́n wá ọkọ̀ tó máa kó o.

Ó dun mí púpọ̀ láti rí igi tó dára tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ kan, tí ọmọ iléèwé sì ń jókòó lórí ilẹ̀ ní ìlú kan náà.

Ìyá Ìyàwó, Ìdànrè

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo kà á fún ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wa ni kó lọ, torí ibẹ̀ ni mo bí i sí. A ti lọ rí wọn. Bẹ́ńṣì tó ní ẹ̀yìn, 12, ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní àyè kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbọ̀ngàn ìlú máa gba 20 tí kò ní ẹ̀yìn. Àga ọlọ́wọ́ mẹ́wàá la máa kàn fún àwọn àgbà, olúkúlùkù wọn á gbé tirẹ̀ lọ sílé. Àwọn ọ̀dọ́ á jókòó lórí ẹní àti àpótí bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ. Gmelina la máa lò, káfíńtà tó sọ pé arère ti gbà láti ṣe é.

Ó ku kíkó o. Ojú ọ̀nà oko wa kò gba ọkọ̀ ńlá.

Ọ̀rẹ́ Ọkọ, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà o. Ẹ̀yin màmá wa, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rẹ́ ọkọ ni mí, ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù wà lọ́wọ́ àwa ọ̀dọ́.

Ọkọ̀ ńlá á gbé e dé etí títì, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù á wá máa kó o wọ oko díẹ̀díẹ̀. Níwọ̀n bí bẹ́ńṣì ti ń tú, ojú ìjókòó la máa kó sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ sókè, torí ẹsẹ̀ la máa kọ́kọ́ nílò. Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́ gbé. A ó fi àpò tàbí ẹní sáàárín ojú ìjókòó kí wọ́n má ha ara wọn. Èèkàn gbogbo á wà nínú àpò kan, àfikún díẹ̀ á sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú òòlù onígi méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí káfíńtà fi nọ́ńbà kan náà sàmì sí abẹ́ ojú ìjókòó kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ihò tí wọ́n fi ọwọ́ lù kì í dọ́gba, ẹsẹ̀ ti bẹ́ńṣì kan lè má wọ inú òmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì la máa tò ó. Alẹ́ oṣù Kejìlá máa ń ní ìrì, nítorí náà a ó dojú gbogbo wọn délẹ̀ sórí ẹní títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ojú ìjókòó má baà tutù. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa gbé wọn dìde, àwa ọmọkùnrin mẹ́wàá la ti gbà láti wà níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. A ó fi igi gbo inú ewé gbígbẹ lábẹ́ wọn nítorí ìjàlọ àti ejò kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.